Ọdún Tí Ìyàwó Sọ Gbogbo Ilé Lórúkọ, Àfi Èmi

Ní agboolé wa ní Bẹyẹrúnká, ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Bí wọ́n bá bí ọmọ lónìí tí ìyàwó wọlé lọ́la, ọmọ ọjọ́ kan yẹn ti di ọkọ ìyàwó nìyẹn, títí ayé. Kò gbọdọ̀ pè é ní Mùrí tàbí Sàdíkù bí àwọn òbí rẹ̀ ṣe sọ ọ́. Ó ní láti wá orúkọ mìíràn tí yóò máa fi pè é, kó kúnlẹ̀ kí i, kó sì máa ṣe "ẹ" fún un bí ẹni pé ó ti hu irùngbọ̀n. Àwọn ìyàwó tí mo bá nílé kì í da ara wọn láàmú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ tó bá pupa, Apọ́nbéporé ni. Èyí tó bá dúdú, Adúmáadán. Bí eyín ọmọ bá ti funfun díẹ̀, ó di Eyínfúnjowó. Bó bá sì ti gbé síléètì dání lẹ́ẹ̀kan péré, Akọ̀wé ni títí dọjọ́ alẹ́. Láti Màpó dé Ọjà'ba nígbà náà, bí èèyàn bá pariwo "Akọ̀wé!" lójú títì, ogún ènìyàn ni yóò dáhùn, mẹ́wàá nínú wọn ò sì lè kọ orúkọ ara wọn. Bí mo ṣe kéré tó, orúkọ wọ̀nyẹn ti sú mi. Ọdún tí Bọ̀dá Bùràímọ̀, àbúrò ìyá mi, gbé ìyàwó ni ojú wa tó là.

Ilé aránfìlà ni ilé wa. Bàbá Àgbà, bàbá tó bí ìyá mi, ló ni máṣíìnì ìránṣọ àkọ́kọ́ ní àdúgbò, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń sọ, kò sì sẹ́ni tó láyà láti bá a jiyàn. Máṣíìnì mẹ́rin ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló sì ń fẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n láti ìgbà tí ladánì bá ti pe ìrun àsùbáà tán títí oòrùn yóò fi wọ̀. Ariwo wọn ló ń jí wa, òun la fi ń jẹun. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dákẹ́ lójijì, a mọ̀ pé ìjà ti dé, tàbí oníbàárà kan ló wá bèèrè fìlà tí wọn ò tíì gé. Ní ẹ̀yìnkùlé, Ìyá Àgbà ló ni àrò, ìkòkò àti ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Èèfín igi rẹ̀ máa ń gba abẹ́ páànù jáde bá àwọn aránṣọ níwájú, àwọn náà á sì máa fi imú mọ ohun tí a máa jẹ: ìṣàpá ni àbí ilá, ẹ̀wà ni àbí ẹ̀bà. Àwa ọmọdé ń pọnmi, à ń gbálẹ̀, à ń ṣa ègé aṣọ tó já lábẹ́ máṣíìnì, à ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ẹ̀. Ewúrẹ́ ilé aránfìlà kì í jẹ koríko, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Etí aṣọ òkè ló ń jẹ.

Sàúdátù ni orúkọ ìyàwó náà, ṣùgbọ́n n ò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ìyàwó la ń pè é, Ìyàwó náà ló ṣì ń jẹ́ lónìí tó ti ní ọmọ-ọmọ mẹ́jọ tó sì ń tẹ̀pá rìn. Kò ga, ó ní èjí, ojú rẹ̀ kì í sì í dúró lójú kan. Ó ti bi ọkọ rẹ̀ léèrè nípa gbogbo wa tán kó tó dé, bí akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ lọ ṣe ìdánwò. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó so ìborùn mọ́dìí, ó jáde wá kí ilé. Ọ̀dọ̀ Bàbá Àgbà ló kọ́kọ́ dé. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá Fìladé, ẹ káàárọ̀ o, sà."

Bàbá yí fìlà orí rẹ̀ díẹ̀. "Kí lo pè mí?"

"Ẹ má bínú, sà. Mo wò ó lórí yín, n ò mọ̀ bóyá fìlà ni tàbí adé."

Máṣíìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró. Bàbá ò rẹ́rìn-ín, nítorí kì í rẹ́rìn-ín láàárọ̀, ṣùgbọ́n kó tó di ọ̀sán, oníbàárà mẹ́ta ló ti ṣàlàyé orúkọ náà fún. Ìyàwó kọjá sọ́dọ̀ Àǹtí Sífáwù, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ẹni tí kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn ògiri tí kì í gbọ́. Ó pè é ní Elétíríìkì. Ó ní ojú Àǹtí ló mọ́lẹ̀ bí iná. Inú Àǹtí dùn dé ẹ̀yìn, ó gbé orúkọ náà lọ sí Ọjà'ba, ó ní kí gbogbo ẹgbẹ́ òun máa fi pe òun. Ó tó oṣù méjì kó tó ronú kan etí tó wà nínú rẹ̀, ìgbà yẹn ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mùrí, ọmọ Àǹtí Sífáwù, ló da omi tí wọ́n fẹ́ fi wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó nù lálẹ́ àná, òun náà ló sì sáré lọ pọn òmíràn kí ẹnikẹ́ni tó rán an. Ìyàwó wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Wàhálàáfíà." Wàhálà àti àlàáfíà, lára ọmọ kan ṣoṣo! A rẹ́rìn-ín títí Mùrí fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣakọ. Ìyá mi, tó jẹ́ pé ẹ̀rín músẹ́ ló máa ń fi dá ènìyàn lóhùn láti ìgbà tí a ti dé ilé yẹn, ó pè é ní Ẹ̀ríndákẹ́. Ìyá mi rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sọ nǹkan kan.

Ó wá kàn mí. Mo ti to ẹsẹ̀ pọ̀, mo ti gbé àyà síwájú, mo ti ń gbọ́ ìró orúkọ mi nínú orí kí ó tó jáde. Ìyàwó wò mí, ó sì wo ibi tí Ìyá Àgbà wà. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. "Rìsíkátù," ó ní, "o jí ire?"

O. Kì í ṣe "ẹ". Kò kúnlẹ̀. Ó kọjá lọ sọ́dọ̀ Sàdíkù tí kò tíì lè nu imú ara rẹ̀, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ fún un. Mo ti ní ọmọ-ọmọ báyìí, mo sì ti rí ohun tó dunni ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ sọ òótọ́, n ò rántí èyí tó yà mí lẹ́nu tó ìyẹn. Èmi àti ìyá mi ti wà nínú ilé yẹn fún oṣù mẹ́rin kí ìyàwó tó dé. Láti ilé bàbá mi ní Pópó Yemọja la ti wá, pẹ̀lú ẹrù ìdì méjì, wọ́n sì sọ fún mi pé a wá bá wọn palẹ̀ ìgbéyàwó mọ́ ni. Mo ti gbálẹ̀ ìgbéyàwó náà, mo ti gbé àwo rẹ̀, mo ti jó níbẹ̀. Ṣé ẹni tó bá ìyàwó palẹ̀ kọ́ ló ṣáájú ìyàwó wọlé?

Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, ọ̀rọ̀ Ìyàwó ti gba gbogbo ilé. Kò fi mọ sí orúkọ ènìyàn nìkan. Ohunkóhun tó bá ti rí tí kò rí ọ̀rọ̀ fún, yóò mú méjì, yóò rán wọn pọ̀ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń rán awẹ́ fìlà. Àwa ọmọdé tí a máa ń kí àgbàlagbà lórí eré, tí orúnkún wa ò kan ilẹ̀ tán tí a ti sáré lọ, ó ní à ń kúnsáré. Oorun tó máa ń gbé àwọn aránṣọ lọ nídìí máṣíìnì lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, jókòórun ni. Bọ̀dá Bùràímọ̀ fẹ́ràn láti máa fi ẹ̀sìn bá wa wí nígbà tí a bá ń jẹ ẹ̀wà, tí ẹnu wa kún tí a ò lè dáhùn. Ìyàwó ní ẹ̀wàásí ni. Nígbà tí oṣù ààwẹ̀ dé, tí Mùrí ń fọ́nnu pé òun gba ààwẹ̀ odindi, tí a wá ká a mọ́ ẹ̀yìn ìkòkò tó ń lá mílíìkì, Ìyàwó ò tilẹ̀ gbé orí sókè níbi tó ti ń ṣa ìrẹsì. "Wàhálàáfíà, ọkọ mi," ó ní, "ààwẹ̀jẹwẹ̀mu yín á gbà o." Ìyá Àgbà nìkan ló ń bínú. Ó ní ọ̀rọ̀ tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ ti tó lò, ẹni tó bá ń ṣe òmíràn, àìríṣe ló ń ṣe é. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀ la gbọ́ ọ tó ń pariwo láti ẹ̀yìnkùlé pé kí ẹnì kan jí Bàbá Àgbà, jókòórun rẹ̀ ti pọ̀ jù. Kò sẹ́ni tó láyà láti rẹ́rìn-ín títí ó fi wọlé.

Àwọn ọmọ-ọmọ mi náà ń ṣe irú rẹ̀ báyìí lórí fóònù. Wọ́n á ki Gẹ̀ẹ́sì bọ Yorùbá nínú, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí mi, wọ́n á máa retí kí n rẹ́rìn-ín. Bí kò bá pa mí lẹ́rìn-ín, n ò ní rẹ́rìn-ín. Mo ti sọ fún wọn pé kì í ṣe pé kí èèyàn kàn so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Ọ̀rọ̀ Ìyàwó máa ń ní ìjà nínú: apá kan á fẹ́ lọ, apá kejì á fà á padà, ibi ìjà yẹn ni ẹ̀rín wà. Àgbà ló jẹ́ kí n mọ èyí. Ká ní mo mọ̀ ọ́n lọ́mọdé ni, n kì bá tí fi ọwọ́ ara mi fa ẹ̀tẹ́.

Nítorí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá orúkọ. Mo rò pé Ìyàwó ò tíì rí nǹkan kan lára mi tó lè fi ṣe orúkọ ni, mo sì pinnu láti fún un ní nǹkan. Mo tiro fún ọjọ́ méjì. Ó fi òróró pa mí lẹ́sẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí ewúrẹ́. Ó bi mí bóyá ọ̀fun ń dùn mí. Mo so gèlè ìyá mi mọ́rí, mo gbé ìgbálẹ̀ lé èjìká bí ìbọn, mo rìn kọjá níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ó wò mí, ojú rẹ̀ ń dán, mo rí i kedere pé ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu rẹ̀, ó sì gbé e mì. "Rìsíkátù," ó ní, "o ṣeun, gbálẹ̀ dé ìdí àrò." Mùrí ní òun mọ ìdí rẹ̀. "Ọmọ àbẹ̀wò ni ẹ́," ó ní. "Ẹ ó tó máa lọ. Ta ló ń fún ọmọ àbẹ̀wò lórúkọ?" Mo gbá a létí, ó gbá mi padà, a jọ sunkún, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lára mi. Mo ti ń bi ìyá mi ní ọjọ́ tí a máa padà, ó sì ti ń fi ẹ̀rín dá mi lóhùn.

Nígbà tó yá mo fún ara mi lórúkọ. Mo jókòó sẹ́yìn ìkòkò omi ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo mú ohun méjì tó dùn jù láyé, ṣúgà àti oyin, mo rán wọn pọ̀: Ṣúgoyin. Mo rò pé kò sí irú rẹ̀. Mo sọ fún ìyá aláàkàrà ìta wa pé orúkọ tí Ìyàwó ń pè mí nìyẹn. Mo sọ fún Sàdíkù. Mo sọ fún àwọn ọmọ tí a jọ ń kéwú pé kí wọ́n máa pè mí bẹ́ẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko mo jẹ́ Ṣúgoyin láti Bẹyẹrúnká dé ẹsẹ̀ òkè Màpó. N ò ronú kàn án pé kò sí ẹni tó ń fún ara rẹ̀ ní orúkọ ìyàwó. Òun nìkan ni orúkọ tí èèyàn ò lè dá sọ ara rẹ̀, nítorí ẹnu ẹlòmíràn ló ń gbé.

Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni àṣírí tú. Gbogbo wa wà ní ẹ̀yìnkùlé, Ìyá Àgbà ń bu ìṣàpá, Ìyàwó ń gbé omi ìfọwọ́ kiri. Mùrí ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá aláàkàrà. Ó dúró títí gbogbo ènìyàn fi jókòó, ọ̀dàlẹ̀ ọmọ. "Ìyàwó," ó ní, "ṣé lóòótọ́ lẹ sọ Rìsíkátù ní Ṣúgoyin?"

Ìyàwó gbé omi ìfọwọ́ sílẹ̀. Mo wò ó. Mo fi ojú bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára tí ojú ọmọ ọdún mẹ́jọ ní.

"Ṣúgoyin kẹ̀?" Ó tọ́ ọ wò lẹ́nu. "Kò jáde lẹ́nu mi o. Ta ni yóò po ṣúgà mọ́ oyin? Ìyẹn á fún èèyàn ní kòkòrò inú ni."

Ẹ̀rín bú sẹ́yìn ilé. Àǹtí Sífáwù ń lu itan. Ojú tì mí débi pé mo ki orí bọ abẹ́ apá ìyá mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kì í ṣe ẹkún eré. Ìyàwó ò bá wọn rẹ́rìn-ín pẹ́. Ó yíjú sí Ìyá Àgbà, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún méjèèjì nínú eérú. "Ìyá, ẹ dákun. Ẹ ní kí n má fún un lórúkọ, mo sì gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ bó ṣe wá ń ṣagbe rẹ̀ kiri àdúgbò."

Ẹ̀rín dá. Gbogbo ojú lọ sára Ìyá Àgbà. Ó bo ìkòkò ọbẹ̀ kó tó fèsì.

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Orúkọ ìyàwó, ìdè ni. Bí wọ́n bá ti fún ọmọ, ó ti di ọmọ ibí nìyẹn. Bí àwọn ará Pópó Yemọja bá wá mú ìyàwó wọn lọ́la, kí ni n ó ti wí? Wọ́n wá kí wa ni. Ó máa padà sílé ọkọ rẹ̀."

Mo gbé orí kúrò lábẹ́ apá ìyá mi. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí Ìyá Àgbà.

"Ìyá mi," ó ní, "wọn ò wá. Ó ti pé oṣù méje. Bí wọ́n bá tilẹ̀ wá, n ò bá wọn lọ."

Kò pariwo. Ohùn tí èèyàn fi ń ní kí wọ́n bá òun gbé iyọ̀ wá ló fi sọ ọ́. Ẹ̀rù bà mí fún ìyá mi, nítorí n ò rí ẹni tó já Ìyá Àgbà ní koro rí. Bàbá Àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, láti orí àga rẹ̀ tí gbogbo wa rò pé ó ti ń sùn. "Mo ti ń retí kí ẹnì kan sọ ọ́ jáde nínú ilé yìí," ó ní. "Ẹ bu oúnjẹ. Ebi ń pa mí."

Ìyá Àgbà ṣí ìkòkò, ó bu ẹran kan tó tóbi, ó wá ibi tí àwo ìyá mi wà, ó gbé e síbẹ̀. Ó nu ojú rẹ̀, ó ní èèfín ni. "Ìyàwó," ó ní, "ṣe iṣẹ́ rẹ."

Ìyàwó fi orúnkún yẹn rìn láti ìdí àrò wá síwájú mi, kò dìde. Gbogbo oṣù mẹ́ta tó fi ń gbé orúkọ mì, ó wá yé mi pé kò sọ wọ́n nù. Ó ń yàn nínú wọn ni. "Àlejonílé, ọkọ mi," ó ní, "ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o."

"Ẹ" yẹn ló kọ́kọ́ wọ̀ mí lára kí n tó gbọ́ orúkọ. Lẹ́yìn náà ni mo tọ́ orúkọ wò: àlejò ń wọlé, onílé ti jókòó síbẹ̀, ènìyàn kan ṣoṣo sì ni. Bọ̀dá Bùràímọ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, Mùrí tẹ̀ lé e, ó sì ní orúkọ náà dára ju tòun lọ. Mo dárí jì í fún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn nìkan. Títí dòní, bí Ìyàwó bá pè mí lórí fóònù, tí ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n, kì í ṣe "àlóò" ló ń sọ. Àlejonílé ló ń sọ, yóò sì dúró kí n dáhùn kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ ẹsẹ̀ tó ń dùn ún.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo rò pé n ó sùn pẹ́ bí ọmọ ilé pàtàkì. Ìyá Àgbà fi ẹsẹ̀ tì mí níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí. Ó ní bí mo bá ti di ọmọ ilé, korobá wà lẹ́nu ọ̀nà, omi ti tán nínú ìkòkò. Mo gbé korobá, mo ń kùn. Mi ò tíì dé ojú títì tí mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Ìyá mi ni, ó gbé garawa lọ́wọ́. Láti ìgbà tí a ti dé, kò dé ìdí ẹ̀rọ omi àdúgbò rí. Èmi àti Mùrí ló ń pọn tirẹ̀, nítorí àwọn obìnrin tó ń tò síbẹ̀ ní ojú àti ẹnu. Wọ́n rí wa, wọ́n dákẹ́, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn. A tò sẹ́yìn wọn. Ìyá kan tó ń ta ọṣẹ ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa yí padà, ó fi ojú wọn ìyá mi dé ẹsẹ̀.

"Ìyá Rìsíkátù," ó ní, "àṣé ẹ ṣì wà níbí? Ìgbà wo lẹ wá ń lọ sílé?"

"Ilé náà nìyí, mà," ni ìyá mi wí, ó sì ti garawa rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ, nítorí ó ti kàn wá.